Ìwé Tó Bàjẹ́ Nílé Ìkàwé: Ta Ló Tún Ní Irú Rẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá lónìí, ìwé tó ti bàjẹ́ ní pàtàkì. Abẹ́ afárá Ṣàngó ní Ọ̀tà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo dúró ra bọ̀ọ̀lì níbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tó máa ń jókòó nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìfọ̀. Ó fi bébà wé e fún mi. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé bébà náà kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ìwé iṣẹ́ àmúrelé ọmọ kankan. Rẹ́jísítà ilé ìwé ni. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa, ó sì fi gègé àti tàdáwà kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá àti ọjọ́ tí ọmọ wọ ilé ìwé. Ọdún 1961 àti 1962 ni gbogbo ọjọ́ tó wà lójú ewé náà. Níwájú orúkọ ọmọ kan, wọ́n fi tàdáwà pupa kọ ọ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Ìfọ̀. Ooru bọ̀ọ̀lì ti mú kí tàdáwà pupa náà máa ràn.

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ ti rí bébà yìí?"

"Ọwọ́ àwọn tó ń ta bébà lórí ìwọ̀n ni, Bàbá. Kílò kílò ni wọ́n ń tà á fún wa. Ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo èyí tó kù nínú àpò. Ewé mẹ́sàn-án péré ló kù. Ìyókù ti bá bọ̀ọ̀lì lọ. Ìyá náà kò gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ṣáà fún òun ní bébà mìíràn tí òun yóò fi máa wé ọjà, mo bá lọ ra ìwé ìròyìn méjì wá fún un.

N kò ní dárúkọ ilé ìwé tó ni rẹ́jísítà náà. N kò gbà pé ẹni ibi ló jù ú síta. Bó ṣe máa ń rí ni pé ẹnì kan ń tún yàrá ṣe, ó rí ìwé tí ikán ti jẹ páálí rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí eruku bò ó, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé pàǹtí ni. Ó tún yàrá ṣe tán, inú ọ̀gá rẹ̀ dùn. Báyìí ni ọdún méjì nínú ìtàn àwọn ọmọ ìlú kan ṣe di ohun tí a fi ń wé bọ̀ọ̀lì.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ ilé ìkàwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n bá gbé ìwé tó bàjẹ́ wá ni pé, "Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Kí ẹ tó wo ibi tó ya, kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló tún ní irú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ó kún ilé ìtàwé, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ ra òmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn tó ní in láyé, kò sí bí ó ṣe lè bàjẹ́ tó tí a ó fi sọ ọ́ nù. Ẹ̀yìn èyí ni ká wá béèrè ẹni tó fẹ́ lò ó. Bí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọ̀tà tiwa yìí. Ní àwọn ọdún 1850, ìjọ CMS rán ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ James White wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere níbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò láàárín àwọn Àwórì. Ó ń kọ ohun tó ń rí nínú ìlú sílẹ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó rán an níṣẹ́. Ọmọ Ọ̀tà tó bá fẹ́ mọ bí ìlú rẹ̀ ṣe rí nígbà náà, ara orísun tó máa lọ bá ni bébà wọ̀nyẹn. Inú àkójọ ìwé CMS ní Yunifásítì Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n wà lónìí. Bébà lásán ni wọ́n, tí wọ́n gba orí omi kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó gbà á lọ́hùn-ún kò jù ú nù, bẹ́ẹ̀ àwọn kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà. Bí ẹ bá sì wá dé Abẹ́òkúta, níbi tí ajíhìnrere CMS mìíràn, Henry Townsend, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ẹ ó gbọ́ pé rúkèrúdò kan ní 1867 ló pa iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà rẹ́. Ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà tó ṣẹ́kù lágbàáyé kò pọ̀. Ẹ ronú wò, bí ẹnì kan lára àwọn baba ńlá wa bá fi ọ̀kan sínú àpótí, tí ikán sì jẹ ìdajì rẹ̀, ṣé ìdajì tó kù yẹn kò níye lórí?

Ní oṣù kẹfà ọdún kan, tíṣà tó ń bójú tó yàrá ìkàwé ilé ìwé gírámà kan ládùúgbò wa pè mí lórí fóònù láàárọ̀ kùtù. Òjò alẹ́ ti ṣí páànù mẹ́ta. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí o! Gbogbo ìwé apá ẹ̀yìn ló ti rin gbingbin. Ọ̀gá ní kí n kó wọn síta kí oòrùn pa wọ́n."

Mo ní, "Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mò ń bọ̀."

Oòrùn kì í gbẹ ìwé bí ó ti yẹ. Ó máa ń ká ojú ewé lọ́wọ́ bí ẹran gbígbẹ, ó ń fa tàdáwà kúrò lára bébà, ó ń jẹ́ kí páálí tẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ìwé tó rin fẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù, kí fáànù má kọjú sí ìwé gan-an. Ìwé tó rin díẹ̀, ẹ gbé e nàró, kí ẹ ya ojú ewé rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Èyí tó rin púpọ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ fi bébà funfun tí kò ní ìkọ̀wé lára sáàárín ojú ewé rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà náà bó bá ti mu omi. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ó sì ní gbèdéke: ní ooru àti ọ̀rinrin irú tiwa yìí, láàárín wákàtí 48 sí 72 ni èébu máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ìwé tó rin. Ìwé tó bá ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá. Kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án fi aṣọ bo imú, nítorí èébu kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ó ku ìwé tó jẹ́ bébà dídán, irú èyí tó ní fọ́tò aláràbarà. Bí irú rẹ̀ bá rin tó sì gbẹ ní pípadé, yóò lẹ̀ mọ́ra bí bíríkì, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè yà á mọ́. Èyí ló mú ọ̀rọ̀ yìnyín wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2021, iná orí òkè sọ̀kalẹ̀ wọ Yunifásítì Cape Town, ó jó yàrá ìkàwé Jagger, omi tí wọ́n fi pa iná sì ya wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ sí. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tò gẹ́gẹ́ bí èèrà, wọ́n ń gbé ìwé jáde nínú kéréètì. Èyí tó rin jù, inú kọ̀ńténà yìnyín ni wọ́n kó o sí. Yìnyín kì í tún ìwé ṣe. Ó kàn ń dá ìbàjẹ́ dúró síbi tó dé ni, kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lè rí àyè mí, kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ti tó.

Mo sọ èyí fún tíṣà náà, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, níbo la ti fẹ́ rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ibi tí o ti ń ra ẹja." Ṣàngó kún fún kóòdù rúùmù àwọn elẹ́ja. A fi ọ̀rá méjì-méjì wé ìwé dídán 14, a lẹ ẹnu ọ̀rá pa kí òórùn ẹja má baà wọ̀ ọ́, ìyá elẹ́ja kan tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé náà sì fún wa ní kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò gba kọ́bọ̀. Méjìlá nínú 14 ló yè. Bákan náà, yìnyín tó le dáadáa, tó tó ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo, tí a fi ìwé gbígbẹ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, máa ń pa kòkòrò inú ìwé àti ẹyin rẹ̀ láìlo oògùn apakòkòrò kankan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fìríìjì ilé fún èyí o. Kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ìwé gbẹ tán, a wá délẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an: kí la ó tọ́jú, kí la ó yọ? Tíṣà náà ti ṣe tirẹ̀ kí n tó dé. Ó ti kó àwọn tó rẹwà jọ sórí tábìlì kan pé ìyẹn ni a ó dá padà sórí pẹpẹ. Ó ti di àwọn tó ya, tó bu, tó wó lẹ́yìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún pé ìyẹn ni a ó sun. A tú àwọn àpò náà dà sílẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fà yọ ni ìwé ìròyìn ilé ìwé náà fúnra rẹ̀ ti ọdún 1974. Ewé bíi 40 ni. Ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, píìnì tó dì í pọ̀ ti dípẹtà, ìpẹtà náà sì ti jẹ bébà wọ inú. Orúkọ àwọn aṣáájú ọmọ ilé ìwé ọdún náà wà níbẹ̀, fọ́tò ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, àti àròkọ ọmọdébìnrin kan nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí òun àti ìyá àgbà rẹ̀ jọ lọ wò. Mo bi tíṣà pé ta ló tún ní irú rẹ̀. Ó dákẹ́. A wá gbogbo ọ́fíìsì ọ̀gá, a wá inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí òmíràn. Ìwé tí wọ́n fẹ́ sun nìyẹn. A yọ píìnì náà pẹ̀lú ẹ̀mí sùúrù, a fi òwú rán an dípò rẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀, a ṣe àpótí páálí fún un. Igun tí ikán jẹ, a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ohun tó ṣọ̀wọ́n dà bí tuntun. Kó má tún bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ la fẹ́.

Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ. Ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ti bu. Tíṣà ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ká má sọ ìwé nù, Bàbá. Ìwé ńlá rèé." Òótọ́ ni, ìwé ńlá ni. Láti 1938 tí ó ti kọ́kọ́ jáde, wọn kò yéé tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ọjọ́ mẹ́ta tún ẹ̀dà tó bu yìí ṣe. Ẹ ra òmíràn kí àwọn ọmọ rí i kà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jù ú, ẹ ṣí ojú ewé tó wà lẹ́yìn àkọlé, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò tíì pé ogún ọdún. Ká ní àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ì bá gbà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ju irú rẹ̀ nù láìṣí ojú ewé yẹn wò, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni ìwé atúmọ̀ èdè kan tí páálí rẹ̀ ti já kúrò, tí ojú ewé rẹ̀ sì pé. Tíṣà jẹ́wọ́ pé kò sí ọjọ́ tí àwọn ọmọ kì í béèrè rẹ̀. Irú èyí ló yẹ ní títúnṣe. Ohun tí wọ́n ti fi tún un ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló sì fẹ́ pa á: sẹ́lótéèpù. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìwé tí ẹ fẹ́ràn. Lọ́dún àkọ́kọ́ yóò dùn ún wò. Tó bá yá, ọ̀rá òkè rẹ̀ yóò gbẹ, yóò ṣí kúrò, àtè rẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù sínú bébà, yóò di àbàwọ́n aláwọ̀ oyin tí kò ṣeé fọ̀.

Ohun tó dára jù ú lọ wà nílé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ni àtè ìwé. Ẹ po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ omi tútù, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí i bí àwọn aláàdìrẹ mìíràn ti ń fi sí tiwọn, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ kò dára fún bébà. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kó má ní kókó, kí ẹ sì lò ó kó tó kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí bó bá pọ̀, aáyán yóò wá jẹ ẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lọ ni pé omi lè tú u. Bí a bá lẹ ìwé ṣì lónìí, ẹni tó gbọ́n jù wá lọ lè tú u lọ́la kó tún un lẹ̀. Gọ́ọ̀mù káfíńtà kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù tí a yọ kúrò, orí tábìlì àwọn ìwé tó rẹwà la ti yọ ọ́. Ìwé jọ́gíráfì aláwọ̀ mèremère kan wà níbẹ̀, páálí rẹ̀ le bí àpáta, ó sì ní ìpínlẹ̀ 19 ló wà ní Nàìjíríà. Ní 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, òótọ́ ni. Láti 1996, 36 ni. Ẹ̀dà 22 ló wà níbẹ̀, ọmọ kankan kò sì ṣí wọn rí. Ìwé ìtọ́jú ara kan tún wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní ohun tí àwọn dókítà kò ṣe mọ́. Ìyẹn burú ju ìwé tó ya lọ, torí pé ọmọ yóò gbà á gbọ́. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ta ilé ìwé lọ́rẹ láti òkè òkun tún wà níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí yìnyín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́. Àmọ́ wọ́n ti gba ìdajì pẹpẹ kan, nígbà tí ìwé ìròyìn 1974 wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Tíṣà náà rojú. Ó ní, "Bàbá, bí a bá yọ gbogbo èyí, pẹpẹ á ṣófo. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, iye ìwé ni wọ́n máa béèrè."

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní yunifásítì pàápàá, àwọn tó ń wá láti NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ṣàyẹ̀wò ẹ̀kọ́ máa ń wo ilé ìkàwé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tìtorí bẹ́ẹ̀ di òkú ìwé mú kí iye má baà dínkù. Ilé ìkàwé ńlá bíi ti Yunifásítì Covenant tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní 2002, tàbí ti Bells, ní òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ yìí. Tíṣà tiwa yìí, Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ìkàwé, wọ́n kàn fi kún un ni. Mo sọ fún un pé alábẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò yọ ìwé kan wò, yóò sì ka ọdún tó wà lára rẹ̀. Pẹpẹ tó ní 150 ìwé tí ọmọ ń kà sàn ju pẹpẹ 600 tí eruku ń sùn lé lórí.

Ọ̀rọ̀ eruku yìí náà ṣe pàtàkì fún àwa ará Ọ̀tà. Eruku títì wa, èéfín jẹnẹrétọ̀, àti ohun tó ń jáde lẹ́nu ṣímínì àwọn ilé iṣẹ́ ń bà lé orí ìwé lójoojúmọ́. Ẹ fi aṣọ funfun nu orí ìwé kan nílé yín kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Eruku ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin ń fa èébu, èébu ń fa kòkòrò. Bébà náà tún ní àìsàn abínibí tirẹ̀. Láti nǹkan bí 1850 ni àwọn tó ń ṣe bébà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lílọ̀ àti álọ́ọ̀mù ṣe é, ásíìdì inú rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó dé, ẹ ṣẹ́ igun kékeré ojú ewé kan síwá, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì péré. Bó bá já bọ́ bí àkàrà gbígbẹ, ẹ má ran irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́, kò lágbára tí yóò fi gba òwú. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ògbólógbòó sínú àpótí.

Yíya ẹ̀dà kò le bíi ti àtijọ́ mọ́. Fóònù ọwọ́ yín lè ṣe é: ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí fóònù dúró gangan lókè rẹ̀, kí ojú ewé àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ti 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìkàwé láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú àkójọ rẹ̀ nítorí ìtọ́jú. Òfin àgbékalẹ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 sì pàṣẹ pé kí olùtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ béèrè ní ẹ̀ka wọn ní Abẹ́òkúta, ẹ béèrè ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àmọ́ ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọ tẹ̀ fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, ètò ìwúyè ọba, ìwé òfin ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, ta ló máa ń rántí fi ìyẹn ránṣẹ́? Èyí tó wà nínú àpótí yín lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Èyí tí a bá ti gbà pé yóò lọ, ẹ má gbé e jáde lóru. Dúkìá gbogbo èèyàn ni. Nílé iṣẹ́ ìjọba, ìgbìmọ̀ ló yẹ kó jókòó lé e lórí kí wọ́n tó pa á rẹ́. Nílé ìwé, ó kéré tán kí ọ̀gá, tíṣà ìkàwé àti aṣojú òbí jọ fọwọ́ sí i. Ẹ fa ìlà sí i nínú rẹ́jísítà ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí. Ẹ fi òǹtẹ̀ míì lu òǹtẹ̀ ilé ìkàwé, kí ẹni tó bá bá a lọ́jà má baà rò pé wọ́n jí i ni. Ẹ̀dà jọ́gíráfì 22 yẹn, àwọn tó ń ra bébà lórí ìwọ̀n ni wọ́n kó o lọ, ó sì dùn mọ́ mi. Bí a bá rí bọ̀ọ̀lì nínú rẹ̀, kò burú.

Ìwé kan ṣẹ́kù lórí tábìlì lọ́jọ́ náà tí èmi àti tíṣà kò rí ìdájọ́ dá fún, òun ló sì jẹ́ kí n tọrọ àyè yìí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò wa. Ìwé àlọ́ Yorùbá ni, kò ní páálí, kò ní àkọlé. Ojú ewé 9 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dá ní 94. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, "aiye", "enia" àti "nwọn", ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé yóò ti jáde kí àtúnṣe àkọtọ́ 1974 tó dé. Ní ojú ewé 31, àwòrán ìyá kan wà níbẹ̀ tó gbé agbọ̀n obì sórí, ó dúró nídìí ọkọ̀ ojú irin, ajá kékeré kan sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ìjàpá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni n kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, níbi tí ìjàpá ti lọ yá ohùn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọn kò mọ̀ ọ́n. A ti fi sínú àpótí páálí, a kọ "ẹ má jù ú" sí i lára, ó wà lórí pẹpẹ òkè nílé ìwé náà.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ka ìwé ní Ọ̀tà, ní Ìfọ̀, ní Adó-Odò ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ṣé ẹ rántí àwòrán ìyá olóbì àti ajá yẹn? Bí ẹ bá rántí àkọlé rẹ̀, tàbí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpótí yín, bó tilẹ̀ ku ojú ewé 1 sí 8 nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá fún wa ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí. Ẹ má tún un ṣe kí ẹ tó mú un wá.